Kí Ló Dé Tí Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì Fi Ń Ti Wá Lójú?

Láàárín àwa Yorùbá tí a wà ní Houston, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dùn mí bí mo bá ti gbọ́ ọ. Ẹnì kan á ní òun fẹ́ padà sílé ìwé, bóyá kó lọ ṣe nọ́ọ̀sì, bóyá kó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Á lọ sí kọmúníìtì kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, tó sún mọ́ ọn, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ ṣe kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni ariwo á ti bẹ̀rẹ̀: "Èmi! Èmi tí mo ti gboyè nílé! Gẹ̀ẹ́sì wo ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ mi?" Àwọn tó bá wà ńbẹ̀ á bá a dá sí i: "Ìwọ̀sí gbáà ni. Owó ẹ ni wọ́n kàn fẹ́ gbà." Mo ti gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ, mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gbọ́ ọ lọ́dọ̀ onídìrí ní òpópónà Bissonnet. Mo sì mọ àwọn tó torí ẹ̀ pa ilé ìwé náà tì pátápátá, tí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún ni wọ́n ṣì ń ṣe títí dòní.

Ìbínú yẹn kò ṣàjèjì sí mi. HND ni mo gbà ní Nàìjíríà, mo sì ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì kí n tó wá bá ọkọ mi níbí. Ẹni tó bá kàwé nílé mọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún wa. Bó o gba A nínú gbogbo iṣẹ́ yòókù ní WAEC, tí o kò bá ti ní credit nínú English, inú ilé lo máa wà. A há Oral English sórí, a mọ ibi tí àdírẹ́sì méjèèjì máa ń wà nínú formal letter, a mọ summary, a mọ lexis and structure. Bí ẹnì kan bá dìde láwùjọ tó sọ òyìnbó tó já geere, kí ó tó jókòó ni wọ́n á ti máa sọ pé ó kàwé. Nígbà tí wọ́n bá wá sọ fún irú wa pé Gẹ̀ẹ́sì wa kò tíì tó, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan là ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tó máa ń dún sí wa létí ni pé gbogbo ìwé tí a kà, òfo ni.

Bí ètò náà ṣe rí ní Texas níbí nìyí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba fẹ́ mọ̀ bóyá o ti tó ṣe English Composition, ìyẹn kíláàsì ìwé kíkọ, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ENGL 1301 káàkiri ìpínlẹ̀ yìí. Ìdánwò ìwọlé tí wọ́n ń pè ní TSI (Texas Success Initiative) ni wọ́n fi ń yẹ èèyàn wò. Orí kọ̀ǹpútà lo ti máa ṣe é: wàá ka àyọkà, wàá mú ìdáhùn, wàá tún gbólóhùn tí kò tọ́ ṣe, wàá sì kọ àròkọ kan. Òfin yọ àwọn kan kúrò nínú ìdánwò yìí, àmọ́ ìwé ẹ̀rí tí mo gbé wá láti ilé kò yọ èmi. Máàkì mi kò dé ibi tí wọ́n fẹ́ kó dé. Wọ́n fi mí sí INRW, ìyẹn kíláàsì ìwé kíkà àti ìwé kíkọ fún àwọn tí wọ́n gbà pé wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́, wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ 1301 fúnra rẹ̀ ní sáà kan náà.

Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ bí wọ́n ṣe dé orí síso pọ̀ yẹn. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá kùnà ìdánwò ìwọlé máa kọ́kọ́ lo sáà kan, nígbà mìíràn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú kíláàsì tí kírédíìtì rẹ̀ kò kà sí oyè tó ń wá. Owó ń lọ, ọjọ́ ń gorí ọjọ́, á sì rẹ àwọn mìíràn, wọ́n á fi ilé ìwé sílẹ̀ láìtíì fojú kan kíláàsì gan-an. Ní 2012, àwọn olùwádìí ní Community College Research Center tó wà ní Columbia University gbé iṣẹ́ jáde tó fi hàn pé ìdánwò ìwọlé yìí ń ṣi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbé, pé àwọn tó lè ṣe kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì dáadáa wà lára àwọn tó ń dá padà sẹ́yìn, àti pé máàkì téèyàn ti ń gbà bọ̀ láti high school sọ òótọ́ nípa rẹ̀ ju ìdánwò ọ̀sán ọjọ́ kan lọ. Ní 2017, California ṣe òfin AB 705 lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún kan náà Texas ṣe HB 2223, pé kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì máa so ìrànlọ́wọ́ yẹn mọ́ kíláàsì tó ní kírédíìtì, kí wọ́n yéé dá èèyàn dúró sẹ́nu ọ̀nà. Òun ni èmi fi wọ 1301 ní sáà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá sọ fún mi pé ìrẹ́jẹ ni, mo máa ń dá a lóhùn pé ìjà tó fẹ́ jà yẹn, àwọn kan ti bá a jà á, wọ́n sì ti borí níbi tó pọ̀ nínú rẹ̀. Kó wá wọlé.

Ìtàn àwọn ilé ìwé wọ̀nyí fúnra rẹ̀ máa ń wù mí. Ní 1901 ni wọ́n dá Joliet Junior College sílẹ̀ ní Illinois, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Truman gbé kalẹ̀ jábọ̀ ní 1947 pé kí irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ wà káàkiri, kó sún mọ́ ilé àwọn èèyàn, kí owó rẹ̀ má sì ga. Lónìí, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lè wá lọ́sàn-án, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán lè wá lálẹ́. Wọn kì í béèrè ọmọ ta ni ọ́, wọn kì í sì sọ pé ọjọ́ orí ti lọ jù.

Àmọ́ bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí báyìí, oríṣiríṣi Gẹ̀ẹ́sì ló máa bá èèyàn wọlé. City University of New York rí èyí nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá jáde high school nílùú náà, ní 1970. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Mina Shaughnessy ló ń darí ẹ̀kọ́ ìwé kíkọ ní City College nígbà yẹn. Àwọn olùkọ́ kan wo ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọ̀nyí kọ, wọ́n ní àwọn wọ̀nyí kò ṣeé kọ́. Shaughnessy jókòó ti àròkọ ìdánwò ìwọlé bíi 4,000, ó kà wọ́n, ó sì rí i pé àṣìṣe inú wọn nídìí. Ẹni tó kọ ọ́ ń ronú, ìlànà kan wà tó ń tẹ̀ lé, àfi pé ìlànà náà kì í ṣe èyí tí tíṣà ń retí.

Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn gan-an fún iṣẹ́ yìí. Ẹ wo ohun tí tíṣà máa ń fi báírò pupa yí ká nínú ìwé àwa Yorùbá. A máa ń gbàgbé -s, a máa ń gbàgbé -ed, torí pé ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í yí ara padà: mo lọ lánàá, ó ń lọ, wọ́n máa lọ, "lọ" náà ni. Ẹni tó ti kàwé débi gíga á pe ìyàwó rẹ̀ ní he lójijì, á sì tètè tún un ṣe, nítorí nínú èdè tó fi ń ronú, kò sídìí láti kọ́kọ́ ṣírò akọ tàbí abo kó tó sọ̀rọ̀ nípa èèyàn. Ọpọlọ tó ń ṣe èyí kò ní àrùn kankan. Bí tíṣà bá mọ ibi tí àṣìṣe ti ń wá, iṣẹ́ tirẹ̀ náà á fúyẹ́. Tíṣà tí mo bá pàdé ní INRW mọ̀ ọ́n. Kò sọ fún mi rí pé Gẹ̀ẹ́sì mi kò dára. Á fi ọwọ́ sórí gbólóhùn kan, á ní kí n kà á síta, kí n sọ ohun tí etí mi gbọ́.

Ẹni tó wá la ojú mi jù ní kíláàsì yẹn ni bàbá kan tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ bíbí Third Ward ni wọ́n, aláwọ̀ dúdú ará Houston níbí, wọ́n ti wa ọkọ̀ akẹ́rù káàkiri Amẹ́ríkà títí ẹ̀yìn fi ń dùn wọ́n. Wọn kò gbọ́ èdè mìíràn rí láyé wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá wọn sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá ìyá wọn sọ. Síbẹ̀, ìdánwò kan náà ló kó èmi àti àwọn sínú yàrá kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé àjèjì nìkan ni wọ́n ń fi síbẹ̀, kí ni bàbá yìí ń ṣe ńbẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì tí ìdánwò yẹn ń wá, Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ni, wọn kì í bí i mọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó jókòó síbì kan kọ́ ọ ni, àwọn tó tètè ráyè jókòó ló sì mọ̀ ọ́n jù. Ní 1974, CCCC, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ni ní ìwé kíkọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì káàkiri Amẹ́ríkà, fẹnu kò pé akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ sí èdè tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Mo fara mọ́ ìpinnu yẹn tọkàntọkàn. Mo sì tún gbà pé kí bàbá Third Ward àti èmi kọ́ ti inú ìwé, torí òun ni fọ́ọ̀mù ìjọba, òun ni ìwé àdéhùn ilé, òun ni NCLEX, ìdánwò ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì, tí mo ní lọ́kàn láti ṣe lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá ní ká yan ọ̀kan ló ń fi nǹkan wa dù wá.

Àwọn tó rò pé gírámà ni wọ́n ń kọ́ nínú 1301, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo bá ńbẹ̀. Àròkọ àkọ́kọ́ tí mo fi sílẹ̀, mo fi gbogbo ohun tí WAEC kọ́ mi dára sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ pé "It is a well-known fact that". Nígbà tí ìwé náà padà, gírámà inú rẹ̀ kò ní ìṣòro tó pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn yẹn ni tíṣà kọ ìbéèrè kékeré kan sí, pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì: ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo yí ojú ìwé sí òdìkejì, ó tún wà ńbẹ̀. Ó wà ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọ̀rọ̀ kan náà. Kí n sọ òótọ́, kò sẹ́ni tó bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí ní gbogbo ọdún tí mo fi kàwé nílé. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ ìdáhùn. Wọn kò bi mí ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n, wọn kò sì bi mí bóyá èmi fúnra mi gbà á gbọ́.

Ó le fún irú wa. Wọ́n tọ́ wa kí á máa bọ̀wọ̀ fún ohun tí àgbà bá ti sọ. Bí mo bá sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi wọlé, òwe ni mo máa ń fi gbè é lẹ́sẹ̀, torí nílé, bí òwe bá ti jáde, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àròkọ kejì dá lórí ọmọ títọ́. Mo kọ ọ́ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, mo ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, mo fi gbogbo àròkọ náà rọ̀ mọ́ ọn. Ní kíláàsì náà, a máa ń ka ìwé ara wa kí a tó fún tíṣà. Ọwọ́ bàbá Third Ward ni tèmi bọ́ sí. Wọ́n kà á tán, wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní ìwé náà dára. Wọ́n wá ní láti kékeré ni ìjọba ti ń gbé àwọn láti ọ̀dọ̀ alágbàtọ́ kan sí òmíràn, kò sí ilé tí àwọn lè tọ́ka sí. Wọ́n ní ibo ni àwọn wà nínú ọ̀rọ̀ mi yìí.

N kò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Odindi ọjọ́ bíi mélòó kan ni mo fi ro ọ̀rọ̀ yẹn nídìí iṣẹ́. Ìgbà tí mo padà sí àròkọ náà, mo fi òwe náà sílẹ̀ níbi tó wà, àmọ́ mo bá a jiyàn. Mo kọ nípa Yorùbá tó tún sọ pé ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í tọ́ ọ, mo sì kọ nípa olùkọ́, aládùúgbò àti ẹni tó kọ́ bàbá yìí ní ọkọ̀ wíwà. Ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Ohun tí àwọn tó ń sá fún kíláàsì yìí kò mọ̀ nìyẹn: wọ́n á mú ọ̀rọ̀ rẹ ní dandan, wọ́n á bá ọ jà lé e lórí láìsí ìwọ̀sí, wàá sì tún ọ̀rọ̀ náà rò.

Ìbéèrè yẹn tẹ̀ lé mi dé ibi iṣẹ́. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, bí a bá sì fẹ́ gbaṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀, a máa ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo lè kọ ọ́ pé màmá báyìí ṣe agídí, wọn kò jẹun. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Agídí jẹ́ ohun tí èmi rò. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n ti àwo sẹ́yìn, wọ́n fi ọwọ́ sí ikùn lápá ọ̀tún, wọ́n ní ó ń ta àwọn. Nọ́ọ̀sì tó bá ka "agídí" á kọjá lọ. Nọ́ọ̀sì tó bá ka èkejì á lọ wo màmá náà. Ní iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ obìnrin Yorùbá ń ṣe nílùú yìí, ẹ̀mí èèyàn lè wà nínú ìyàtọ̀ láàárín gbólóhùn méjèèjì. Ìdí sì nìyẹn tí ètò nọ́ọ̀sì fi ní kí èèyàn ṣe English kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò sí ìfiṣòfò ńbẹ̀.

Ní ti owó, ẹni tó bá ní green card lè kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ owó ilé ìwé lọ́wọ́ ìjọba; bí owó tó ń wọlé fún un kò bá pọ̀, Pell Grant wà tí kì í ṣe gbèsè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín láti bá yín kọ fọ́ọ̀mù yẹn, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ náà ni àwọn tó máa ń bá akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti àròkọ rẹ̀ ní writing center, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn wa kì í lọ ńbẹ̀. Wọ́n rò pé àwọn tí kò mọ nǹkan kan ló ń lọ. Ẹni tó gba A ní kíláàsì wa, ibẹ̀ ni mo máa ń bá a. Ní ti ẹ̀rọ bíi ChatGPT tó ń báni kọ àròkọ láàárín ìṣẹ́jú kan, tó gbòde láti ìparí 2022, mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀, ọmọ ń sunkún, ọjọ́ ìfiṣẹ́-sílẹ̀ ti pé. Síbẹ̀, ẹ̀rọ yẹn kò lè bá mi jókòó ti bàbá Third Ward. Àwọn màmá wa tó wá bá wa gbé, tí wọn kò kàwé púpọ̀, ẹ mú wọn lọ sí kíláàsì ESL, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí kì í ṣe èdè abínibí wọn. Èyí yàtọ̀ sí tèmi, ọ̀rọ̀ ọjà àti ti ilé ìwòsàn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ, wọ́n ti ń dá bá dókítà wọn sọ̀rọ̀.

Sáà yìí, 1302, kíláàsì tó tẹ̀ lé 1301, ni mo wà, iṣẹ́ ìwádìí ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo mú ti ilé wá. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì máa san owó ìtanràn, bí kò bá sì lówó, á kúnlẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ la ṣe máa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sì jẹ́ pé láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìyókù, olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Nígbà tó di 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ní èdè abínibí ló ń mú kí àwọn ọmọ máa kùnà ìdánwò.

Tíṣà mi tuntun ka àbá tí mo kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ó ní kí n má wulẹ̀ sọ pé mínísítà ṣìnà. Kí n wá èsì ìdánwò tí ó ń tọ́ka sí, kí n wò ó bóyá Yorùbá tàbí Haúsá ni wọ́n fi ń kọ́ni ní tòótọ́ ní àwọn ilé ìwé yẹn, àbí òfin inú ìwé lásán ni, kí n sì wo iye tíṣà tó wà ńbẹ̀ àti ìwé tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Òṣìṣẹ́ láíbìrì kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ti bá mi kọ̀wé sí yunifásítì kan kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n kọ lórí ètò Modákẹ́kẹ́ ránṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí bá kàwé ní St. Stephen's láyé ìgbà yẹn, tàbí tí ẹ bá mọ olùkọ́ tó kọ́ni ńbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gbọ́ láti ẹnu yín kí n tó kọ ọ́.